Orúkọ Tí Màámi Pè Létí Òkun

Ní ilé wa ní Ìkẹ́nnẹ́, kò sí ẹni tó ń pe bàbá mi lórúkọ. Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, láti orí ẹlẹ́ran dé orí àlùfáà ìjọ wa. Bàbá ni àwa ọmọ ń pè é. Àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ máa ń fi orúkọ ìdílé pè é, wọ́n á fi "Ọ̀gbẹ́ni" ṣáájú, bí ẹni tó ń pe rẹ́jísítà. Ní ti màámi, "Bàbá Wọn" ni. Tí inú bá ń bí i, "ẹ̀yin" lásán ló máa ń kù, bàbá mi á sì ti mọ̀ pé ẹran inú ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà kò ní jọ ẹran.

Ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pe ara wọn bó ṣe wù wọ́n, n kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n nígbà tí màámi wọlé ọkọ, èèwọ̀ gidi ni. Wọ́n máa ń sọ ìtàn obìnrin kan ní Ìrolú tó rí ẹ̀ka igi tó fẹ́ já lu ọkọ rẹ̀ lórí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ igi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ igi," ló ń wí. Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló sá, àfi ọkọ rẹ̀ tó dúró tó ń wòye ẹni tí wọ́n ń bá wí. Tí màámi bá ń sọ ìtàn yìí, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.

Orúkọ kan wà ṣá. Ìyá tó bí bàbá mi nìkan ló ń fi pè é. Kì í ṣe orúkọ ìrìbọmi, kò sì sí nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kankan. Orúkọ tí ìyá fi ń pe ọmọ tó gbé pọ̀n ni. Màámi gbọ́ ọ títí nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wà láyé. Láàárọ̀, ìyá àgbà á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á pè é, bàbá mi, odindi tísà tí ọmọ ilé-ìwé ń rí tí wọ́n ń sá pamọ́, á sì dáhùn bí ọmọdé. Ìgbà tí ìyá àgbà kú, orúkọ náà bá a lọ. Èmi náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síbí. Kì í ṣe tèmi láti pè.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn wọn. Aránṣọ ni mí, ẹ̀rọ mi wà ní pálọ̀ iwájú nílé wọn nígbà náà. N kò tíì lọ́kọ, màámi kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹnu mi kì í dákẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́ gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi ẹnu ṣe.

Jọ́gíráfì ni bàbá mi fi ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ, ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìpẹ̀rú, ní Ṣàgámù, níbi tí wọ́n bá ṣáà gbé e lọ. Ẹ̀kọ́ kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Á fa ìlà òkun sójú pátákó, á ya ọkọ̀ ojú omi lé e, á ní kí a wò ó dáadáa: bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, òpó rẹ̀ la máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà la ó tó rí ara rẹ̀, nítorí pé ayé rí róbótó. Èmi náà jókòó ní kíláàsì rẹ̀. Mo jẹgba lórí òpó yẹn, torí pé mo kọ ọ́ pé ara ọkọ̀ ló ń ṣáájú. Kò wò ó pé ọmọ òun ni mí.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé bàbá mi kò rí òkun rí. Ẹ má bi mí pé báwo. Èkó kò jìnnà sí Rẹ́mọ, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń lọ. Ó ti lọ ṣe ìpàdé olùkọ́ níbẹ̀ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá ti tú, ọkọ̀ Ṣàgámù ló ń sáré wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó máa ń wí pé òkun kì í sá lọ. Lóòótọ́, òkun kò sá lọ. Ojú òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ, kò sì tètè sọ fún ẹnikẹ́ni.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àwọn ọdún 1980 nígbà náà, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Dókítà ní Ṣàgámù yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ní kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi abẹ tún ṣe, inú ojú ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, ó ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí nǹkan funfun tó bá ń rìn, ó ń rí i pé èèyàn dúró, ṣùgbọ́n kò rí ojú ẹni náà.

Màámi ní tirẹ̀, obì ló ń tà. Ọmọ ilé Mùsùlùmí ni ní Ṣàgámù, àwọn ẹbí rẹ̀ sì jà títí kí wọ́n tó gbà kó fẹ́ tísà oníṣọ́ọ̀ṣì. Inú obì ni wọ́n bí i sí. Ó máa ń kó o sínú agbọ̀n, á fi ewé tútù wé e, á máa tú u, á máa ṣà á, á máa pààrọ̀ ewé, torí pé bí obì bá gbóná tàbí tí kòkòrò bá wọ ẹyọ kan, ó ti parí nìyẹn. Ohùn rẹ̀ náà, ohùn ọjà obì ni. Bó bá dúró ní ìpẹ̀kun ọjà kan tó pe aláàárù, aláàárù tó wà ní ìpẹ̀kun kejì á yíjú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà nídìí ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì jókòó síta. Màámi ń pààrọ̀ ewé obì. Bàbá mi ní nǹkan kan ń da òun láàmú. Ó ní òun ń ronú nípa gbogbo ọmọ tí òun ti kọ́, pé ohun tí òun kò rí lòun ń sọ fún wọn, òun sì tún nà wọ́n lé e lórí.

"Ìwé ló sọ fún mi, Ìyá Wọn," ló wí. "Èmi ni mo wá sọ fún wọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Màámi ní ìwé kì í purọ́. Bàbá mi ní òun gbà, ṣùgbọ́n ó wu òun kí òun fi ojú ara òun rí òpó ọkọ̀ kan ṣoṣo kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe ilẹ̀ ọjọ́ náà ló ń sọ, màámi sì mọ̀. Mo yọjú wò ó láti ojú fèrèsé, obì kan náà ló ń wé tó ń tú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kéde pé àwọn ń lọ wo òkun. Bọ́ọ̀sì láti Ṣàgámù dé Abẹ́òkúta, rélùwéè láti Láfẹ́nwá dé Ìdó ní Èkó, bọ́ọ̀sì ńlá lọ sí etíkun, kí a sùn sí Àgbádárìgì, kí a sì padà lọ́jọ́ kejì. Mo ní irú ìrìn wo nìyẹn? Ọ̀nà Èkó rèé níwájú ilé wa, a wá fẹ́ gba Abẹ́òkúta yí ká, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan imú tó gba ẹ̀yìn orí. Àmọ́ rélùwéè ló wu àwọn àgbà náà, kò sì sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi.

Màámi ló lọ kọ orúkọ wa sílẹ̀, tirẹ̀, ti bàbá mi, àti tèmi, kí n lè ràn án lọ́wọ́. Ó kó agbọ̀n obì rẹ̀ lọ fún àbúrò rẹ̀ ní Ìbídò pé kó bá òun mójú tó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tí mo ń ṣe àṣeyẹ ìjáde ìwé mẹ́wàá nílùú mìíràn, màámi kò sùn síbẹ̀ nítorí obì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní Ìbàdàn, ó lọ láàárọ̀, ó padà nírọ̀lẹ́. Ìgbà tí mo rí i tó ń gbé agbọ̀n lọ sí Ìbídò, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní Láfẹ́nwá ni afinimọ̀nà ti pàdé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n rán wá láti Èkó ni, ó wọ bàtà kánfáàsì funfun, ó so fèrè mọ́ ọrùn, ó sì gbé gbohùngbohùn alábátìrì lọ́wọ́. Bí a bá ti rìn díẹ̀, á fun fèrè, á ka orí wa. Mo bi í léèrè bóyá ewúrẹ́ ló ń dà. Màámi gbá mi lọ́wọ́, ó ní ọmọ ọlọ́mọ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kò jọ mí lójú nígbà náà.

Obì màámi ti wọ rélùwéè dé Kánò láìmọye ìgbà, òun fúnra rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ rí. Kí a tó gòkè, ó béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan pé wágọ̀nù wo ni wọ́n máa ń kó agbọ̀n sí, ó sì rìn lọ wò ó, ó fọwọ́ kan ara irin rẹ̀. Ó jókòó ti fèrèsé, bàbá mi jókòó tì í. Bí ọkọ̀ ṣe ṣí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń rí fún un. Ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ. Oko ẹ̀gẹ́. Obìnrin kan tó pọnmọ tó ń juwọ́. Ọ̀pẹ. Bàbá mi gbọ́ ọ títí, ó ní, "Ìyá Wọn, ọ̀pẹ ti yé mi." Gbogbo àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀gì ọkọ̀ wa rẹ́rìn-ín. Màámi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dákẹ́, ó kàn ń fo ọ̀pẹ ni.

A dé Ìfọ̀, ọkọ̀ dúró, kò sì sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Àwọn àgbà ra ọsàn, wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ọdún tí wọ́n kọ́ ojú irin náà, bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Bàbá mi kò dá sí i. Ó gbé ojú sókè sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé, ó bi mí pé aago mélòó ni, nígbà tó yá ó tún bi mí. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á kí ilẹ̀ má lọ ṣú kí a tó dé. Inú bí mi sí rélùwéè náà débi pé mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tì í.

Ó padà ṣí. A dé Ìdó, bọ́ọ̀sì ńlá ti ń dúró dè wá. Bí a ṣe gun orí Afárá Kátà, màámi rí omi tó tẹ́ lọ sọ́tùn-ún sósì, ó gbá ọwọ́ bàbá mi mú. Ó ní, "Bàbá Wọn, òkun rèé o." Bàbá mi yíjú síbẹ̀, ó tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀sà nìyẹn, pé òkun kì í dákẹ́ báyẹn. Ẹni tí kò rí òkun rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì tọ̀nà, torí pé nígbà tí a dé etíkun níkẹyìn, kí ọkọ̀ tó dúró ni a ti ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Sátidé ni, èrò sì pọ̀ bí èrò ọjà. Àwọn olágbọn wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi ẹṣin gbé ọmọdé ká wà níbẹ̀, àwọn aládùúrà aláṣọ funfun sì pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n mú agogo àti àbẹ́là dání, wọ́n ń gbàdúrà kọjú sí omi. Bàbá mi bọ́ bàtà rẹ̀. Bàbá tí n kò rí lóde láìwọ bàtà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé bàtà fún mi, ó di ọwọ́ màámi mú, ó ń rìn lórí iyanrìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ó ń béèrè pé, "Ó wà níwájú wa bí? Ṣé mo ti kọjú sí i?" Màámi ní ó ti kọjú sí i. Bàbá mi dúró. Ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ gan-an. Mo rí i pé kò rí nǹkan kan ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ọkàn mi sì bàjẹ́.

Ìgbà náà ni ìgbì kan dé tó ju àwọn tó kù lọ. Omi sáré gòkè wá bá wa, ó gbá màámi dé orókún, ìró rẹ̀ tú. Gbogbo èèyàn ké, wọ́n sá sẹ́yìn, wọ́n ń kọlu ara wọn. Màámi fi ọwọ́ méjèèjì mú ìró, ta ni kò ní mú ìró tó ń bọ́ lójú ọjà? Ìgbà tí omi padà tí èrò sì rọlẹ̀, bàbá mi kò sí láàárín wa mọ́.

Mo pariwo "Bàbá," mo pariwo títí, ṣùgbọ́n bàbá ta ni kò sí létíkun lọ́jọ́ Sátidé? Màámi ń yí gbiri, ó ń wo orí, ó ń wo orí. Afinimọ̀nà sáré dé, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó pe, "Tísà, Tísà dà?" Gbogbo ọkùnrin ẹgbẹ́ wa ló dáhùn. Tísà ni gbogbo wọn. Mo sọ orúkọ ìdílé wa fún un, ó sì pè é, "Ọ̀gbẹ́ni" báyìí-báyìí. Kò sí ẹni tó wá. Bàbá mi sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ọ dáadáa. Ó rò pé orí ni wọ́n tún ń kà, ó sì dáhùn "Mo wà níbí, sà" láti ibi tó wà, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ibi tó ń lọ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí èrò kọlù ú tó sì yí i po, kò mọ ọ̀nà tí òkun wà mọ́. Ó wá rí nǹkan funfun tó ń rìn níwájú rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ ìgbà ló ti kọ́ àwọn ọmọ pé ìgbì òkun máa ń fọ́ sí funfun bó bá dé etí ilẹ̀. Ó ní òkun nìyẹn, òun ti rí i nìyẹn, ó bá tọ̀ ọ́ lọ. Àwọn aládùúrà ni. Wọ́n ń rọ́ lọ sínú omi láti wẹ̀, bàbá mi ń bá wọn lọ. Ìgbà tí wọ́n parí àdúrà, wọ́n jáde gba ẹ̀gbẹ́ kejì, òun kò mọ̀. Funfun mìíràn ti wà níwájú rẹ̀ nígbà náà. Òkun gan-an ni.

Màámi ló kọ́kọ́ rí i. Ó nawọ́ sí i fún mi. Ó jìnnà sí wa, omi ti dé itan rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn, ìgbì ńlá kan sì ń gbára jọ lẹ́yìn èyí tó wà níwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo mọ̀ pé n kò lè bá a.

Màámi kò sáré. Ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ inú rẹ̀, ó sì gbé ohùn ọjà obì jáde. Kò ní Bàbá Wọn. Kò ní ẹ̀yin. Orúkọ yẹn ló pè, bí ìyá àgbà ṣe ń pè é gẹ́lẹ́, ó fa ìparí rẹ̀ gùn bí wọ́n ṣe ń fà á ní Rẹ́mọ.

"Dúró síbẹ̀!" ló wí. "Má gbé ẹsẹ̀ kankan. Mò ń bọ̀."

Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Bàbá mi dúró gbagidi. Ó yíjú kúrò lójú òkun, ó kọ ojú sí wa. Ìgbì náà dé, ó gbá a lẹ́yìn, ó wó o lulẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló gbá a sí, kò gbé e lọ. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúrà ti dì í mú lápá kí n tó dé. Màámi dé lẹ́yìn mi, ìró rẹ̀ wà lọ́wọ́, yẹ̀rì nìkan ló kù nídìí rẹ̀, kò sì bìkítà. Ó di ẹ̀wù bàbá mi mú láyà.

Bàbá mi ń wú ikọ́ omi iyọ̀. Ó fọwọ́ wá ojú màámi.

"Ìwọ ni?" ló wí.

"Èmi ni."

"Mo rò pé ìyá mi ni."

Màámi bú sẹ́kún. Ìgbà tó sunkún tán ni ohun tó ṣe tó yé e. Àwọn ìyàwó olùkọ́ ti dé, wọ́n dúró, ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ lé àyà. Màámi kúnlẹ̀ lórí iyanrìn tútù yẹn pẹ̀lú yẹ̀rì rẹ̀, ó ní kí bàbá mi jọ̀wọ́ kó má bínú, òun pè é lórúkọ lójú gbogbo ayé. Bàbá mi ní kó dìde. Kò dìde. Bàbá mi bá jókòó sílẹ̀ tì í, wọ́n jọ wà nílẹ̀, omi ń bọ́ lára àwọn méjèèjì. Mo dúró tì wọ́n, mo gbé bàtà ẹsẹ̀ méjì dání.

Wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀ títí a fi kúrò ní Èkó. Wọ́n ní àwọn obìnrin yòókù náà ti ń ronú ibi tí wọ́n máa ti pe ọkọ tiwọn. Afinimọ̀nà kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó síwájú, ó ń bojú wẹ̀yìn ka orí wa, mo sì lọ bá a, mo ní kó máa ka orí wa bó ṣe wù ú. Lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, àwọn igi àgbọn ń sáré kọjá, màámi kò ka ọ̀kan fún bàbá mi. Ìtìjú ń pa á. Ó pẹ́ kí bàbá mi tó rọra sọ fún un pé kó tún un pè.

"Rárá o," ni màámi wí. "Mo ti fi ìyẹn gbà yín lọ́wọ́ òkun. Ó tó."

Ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti bàbá mi. Mo jókòó lẹ́yìn wọn, mo rí i. N kò rí i kí àwọn méjèèjì di ọwọ́ mú lójú èèyàn rí, bí kò bá ṣe nítorí ojú bàbá mi tó ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa sọdá ọ̀sà Àgbádárìgì, a rin orí iyanrìn lọ sí etí òkun. Níbẹ̀ kò sí èrò, kò sí agogo, kò sí ẹlẹ́ṣin. Màámi fi ìró rẹ̀ kejì so ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ bàbá mi nídìí, ó ta á ní kókó. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó. Àwọn yòókù lọ ń ṣa karawun. Bàbá mi ní kó bá òun wo ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé.

Màámi wò ó títí. Kò sí nǹkan. Ó tún wò ó. Nígbà tó pẹ́, ó ní òun rí nǹkan tó dúró bí igi.

"Igi nìkan?" ni bàbá mi wí. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Igi nìkan. Kò ní ìdí."

"Má gbójú kúrò. Ìyá Wọn, má gbójú kúrò níbẹ̀."

Kò gbójú kúrò. Èmi náà wò ó, oòrùn ń ta mí lójú, mo rí i: òpó tín-ínrín kan nínú omi, kò sí ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀. A dúró dè é. Díẹ̀díẹ̀, màámi ní ìdí rẹ̀ ti ń yọ, ó ní nǹkan dúdú kan ti wà lábẹ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Wọn, ọkọ̀ ni o, odindi ọkọ̀ ni." Bàbá mi fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ tí kò rí nǹkan kan.

"N kò purọ́ fún àwọn ọmọ náà," ló wí.

Lẹ́yìn náà ló pè mí, ó ní ṣé èmi náà rí i. Mo ní, "Mo rí i, sà. Òpó ló ṣáájú." Ó ní ẹgba ọjọ́ náà tọ́ sí mi nìyẹn. Mo gbà fún un.

A padà sílé. Kòkòrò ti wọ obì díẹ̀ ní Ìbídò, màámi kàn ṣà á dànù. Kí ọdún náà tó parí, ojú bàbá mi kú pátápátá. Ohun tó wá ń yọ ọ́ lẹ́nu jù ni ẹnu ọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ bá dún, á béèrè pé ta nìyẹn, wọ́n á ní "Èmi ni." Ọmọ wọlé, èmi ni. Aládùúgbò wọlé, èmi ni. Ó ní gbogbo ayé ti di èmi ni. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó máa ń kọjú sí ẹnu ọ̀nà lórí àga rẹ̀, ó ń dúró de ẹni kan ṣoṣo, kò sì mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà nídìí ẹ̀rọ, mo ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́, n kò jẹ́ kí ẹ̀rọ dún. Màámi ti Ṣàgámù dé. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ níta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan gbé. Kò rí mi. Bàbá mi gbọ́ ẹsẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ti ń la ẹnu láti béèrè. Màámi dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìyá àgbà máa ń dúró sí, ó sì pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, débi pé bí kì í bá ṣe pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, n kì bá gbọ́ ọ.

Bàbá mi kò béèrè ẹni tó wọlé. Ó dáhùn bí ọmọdé.